Bàálù Kẹjọ Tí Kò Jábọ́

Nígbà tí ọkọ̀ wa wọ ọgbà ilé Bàbá Àgbà ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀, a dúró, a ń wo ara wa. Kò sí ẹni tó kà wá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rántí ọjọ́ kan tí mo sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé yẹn tí Bàbá kò jókòó sí fàráńdà, ìwé pélébé kan lórí itan rẹ̀, bírò létí rẹ̀, tí yóò máa nàka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ìyá yín dà?" Àbúrò mi ọkùnrin, tí òun náà ti di bàbá ọmọ báyìí, ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ka ara wa." A ka ara wa, a pé mẹ́fà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa wá, kí ẹkún tó dé.

Bàbá Oníbàálù ni ìlú ń pè é. Adégòkè ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má ṣe rò pé awakọ̀ òfúrufú ni o. Ọkùnrin náà bẹ̀rù òkè débi pé bí òrùlé rẹ̀ bá ń jò, ẹlòmíràn ló ń bá a gun àkàbà. Nígbà ogun abẹ́lé, ó wà lára àwọn mẹkáníìkì tó ń tún bàálù ìjà ṣe, àwọn tí ń dúró sílẹ̀ tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Lẹ́yìn ogun, ó wọṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ó fi ọgbọ̀n ọdún tún katakata àti gírédà ṣe, ó ń wálé sí Ọ̀wọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó fẹ̀yìn tì, ó padà wálé wá dá oko iṣu lọ́nà Ìsùadà. Ọdún díẹ̀ ló fi tún bàálù ṣe, ọgbọ̀n ọdún ló fi tún gírédà ṣe, síbẹ̀ n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní Bàbá Onígírédà.

Ìwé yẹn ló mú bọ̀ láti ojú ogun. Ó fa ìlà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Lápá òsì, ó kọ "Ó lọ." Lápá ọ̀tún, ó kọ "Ó dé." Bí bàálù kan bá gbéra láàárọ̀, Bàbá á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sápá òsì. Bó bá padà, á fa ìlà kékeré kan sápá ọ̀tún, ìgbà náà ni yóò tó lọ fọwọ́ jẹun. Nígbà tí ogun parí, àwọn ẹlòmíràn bọ́ aṣọ ológun, wọ́n gbàgbé. Bàbá kò rí i bí òun ṣe máa dáwọ́ dúró. Ìwé kan kún, ó ra òmíràn. Nígbà tó fi máa kú, ìwé méjìdínlógún ló wà nínú àpótí rẹ̀, àwa sì ti rọ́pò bàálù nínú wọn. "Tóyìn, Ìbàdàn: ó lọ." Èmi nìyẹn. Bí mo bá ti dé Ìbàdàn, dandan ni kí n pè é. Lọ́jọ́ kan tí mo gbàgbé, ó pe onílé mi. Onílé mi kan ilẹ̀kùn, ó ní bàbá àgbàlagbà kan wà lórí fóònù tó ń bèèrè bóyá mo ti balẹ̀. Mo gba fóònù, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Èmi ò bínú. Ṣùgbọ́n o ò tíì dé, torí mi ò tíì fà á."

Ẹ wo ti adìẹ. Adìẹ mẹ́sàn-án ló ń jáde láàárọ̀, mẹ́sàn-án ló gbọ́dọ̀ wọlé nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, mẹ́wàá ló wọlé. Màmá, ìyẹn ìyàwó rẹ̀ tó bí Bọ̀sẹ̀ ìyá mi, ti ń wo ìkòkò. Bàbá gbé adìẹ kẹwàá há abíyá, ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, ó ń bèèrè adìẹ ta ló sọnù. Ó rin gbogbo àdúgbò já kó tó rí ẹni tó ni ín. Ó padà dé, òógùn bò ó, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó gba oyè. Màmá ní ṣé adìẹ kan péré ló tó ohun tí àgbàlagbà á máa gbé kiri ìlú bẹ́ẹ̀. Bàbá ní, "Èyí tó dín, àṣìṣe ni. Èyí tó lé náà, àṣìṣe ni."

Kò rọrùn láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé. Ó máa ń ka ẹran inú ọbẹ̀. Kì í ṣe ahun o. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá iye tó wọ ìkòkò náà ló jáde ni. Màmá fara dà á fún bí ogún ọdún. Lọ́jọ́ tó sú u, ó gbé odidi ìkòkò ọbẹ̀ náà wá síwájú rẹ̀, ó gbé ṣíbí tó fi ń bu ọbẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Bọ̀sẹ̀, ẹ kà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé kì í ṣe bàálù ni mo sè."

Ohun kan tún wà tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, kò mọ̀ ọ́n sọ pé, "Mo ṣì í." Bí ó bá ṣì ọ̀nà, ó ń gba afẹ́fẹ́ ni. Bí ó bá pe ọmọ kan ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń dán ọmọ náà wò ni. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, a sì ń fi ṣe ẹlẹ́yà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá bá a jiyàn, yóò na ọwọ́ sí àpótí ìwé rẹ̀, yóò ní, "Ìwé mi ò parọ́ rí."

Ẹnìkan ṣoṣo ni ìwé náà kò dẹ́rù bà. Àlàájì Làmídì ni. Òun àti Bàbá jọ wà ní pápá bàálù kan náà nígbà ogun, wọ́n jọ jẹ ẹ̀wà oníkòkòrò, nígbà tí ogun sì parí, àwọn méjèèjì padà sí Ọ̀wọ̀. Làmídì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí àárín ìlú, ó ń jó irin pọ̀, ó ń ṣe géètì àti fèrèsé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó bá ti kírun Jímọ̀ tán, ilé wa ló ń bọ̀ tààrà. Wọ́n á ta dírááfù lórí tábìlì onígi kan ní fàráńdà, tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú tí Bàbá fi páànù kékeré kan tẹ́ nídìí. Èdè Ọ̀wọ̀ ni wọ́n máa ń sọ síra wọn, èyí tí àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Àkúrẹ́ kò gbọ́ ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ilé wa tí kò gbọ́ ìjà wọn, torí iye bàálù ìjà tó ṣòfò ní pápá wọn ni wọ́n ń jà lé, ọ̀sẹ̀ kan kò sì lè kọjá kí wọ́n má jà á. Bàbá ní méje ni. Làmídì ní mẹ́jọ ni.

Àádọ́ta ọdún ó lé ni wọ́n fi ja ìjà yìí. Ó ti di bí wọ́n ṣe ń kíra wọn. Bí Làmídì bá ń lọ, tó dé ẹnu géètì, yóò yíjú padà, yóò gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, yóò ké pé, "Mẹ́jọ ni o!" Bàbá á dáhùn láti fàráńdà pé, "Méje ni!" Àwa ọmọdé á máa sín wọn jẹ káàkiri ilé. Nínú yàrá, Màmá á ní, "Ẹ̀yin bàbá méjì yìí, ẹ ò ní jẹ́ kí ogun yìí parí."

Èmi ni mo da ọ̀rọ̀ náà rú, n kò sì mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde kan, mo ń wá nǹkan mìíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ṣèèṣì já sójú òpó kan tí àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn bàálù ogun ti ń kó àkọsílẹ̀ jọ. Wọ́n to gbogbo bàálù tó ṣòfò nínú ogun wa síbẹ̀, pápá sí pápá, nọ́ńbà sí nọ́ńbà. Mo ka ti pápá Bàbá. Mẹ́jọ ni. Inú mi dùn bí ẹni tó fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀, mo dúró de ọjọ́ Jímọ̀.

Wọ́n ń ta dírááfù lọ́wọ́ nígbà tí mo gbé ìwé náà lé orí tábìlì. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á, ó kà á padà. Ó ní, "Ta ló kọ eléyìí? Ṣé ó wà níbẹ̀?" Mo wojú Làmídì, mo rò pé yóò dìde jó. Kò jó. Ó ní, "Tóyìn, ọma mi, bá mi ka nọ́ńbà wọn." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka Nọ́ńbà Mọ́kànlá: ó ya kúrò lójú ọ̀nà nígbà tó ń balẹ̀, ó fọ́. Mo ka Nọ́ńbà Ogún: ó jáde, kò padà, a kò mọ ohun tó ṣe é. Làmídì rọra gbé ọmọ dírááfù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Gòkè, èmi ni mo pa ọmọ yẹn."

Bàbá ní, "Ọmọ wo?"

Ohun tí ó ti gbé pamọ́ sínú láti ìgbà èwe rẹ̀ ni Làmídì wá sọ fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní ọta ìbọn ti dá ihò sí abẹ́ Nọ́ńbà Ogún, kò sì sí páànù gidi ní pápá. Òun gé agolo mílíìkì, òun tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, òun fi dí ihò náà. Ìṣó mẹ́fà ló yẹ kí òun kàn sí i. Mẹ́rin ló kù lọ́wọ́ òun, ọ̀gá sì ń pariwo pé kí bàálù gbéra. Òun kàn mẹ́rin. Awakọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin àjèjì kan, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá agolo náà, ó rẹ́rìn-ín sí òun, ó gòkè. Ọjọ́ náà gan-an ni ibà wó òun, wọ́n gbé òun lọ sí ọsíbítù. Nígbà tí ara òun yá, pápá mìíràn ni wọ́n rán òun lọ. Kí òun tó lọ, òun bèèrè Nọ́ńbà Ogún lọ́wọ́ akọ̀wé pápá àkọ́kọ́. Akọ̀wé yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó ní kò padà.

Làmídì ní, "Bí mo bá ń jó géètì, ìṣó mẹ́rin yẹn ni mò ń rí. Bí ìwọ bá ní méje, mo máa ń rò pé ò ń tọ́jú ọkàn mi ni."

Bàbá, ẹni tí kì í jẹ́ kí ènìyàn parí ọ̀rọ̀, ti jẹ́ kó parí tirẹ̀. Ó ní, "Ogún lò ń kà mọ́ ọn láti ọjọ́ yìí?"

"Kí ni ìwọ rò pé mò ń kà?"

"Mo rò pé o kàn fẹ́ràn ìjà ni."

Ẹ wò ó, àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi ń jà lórí iye, tí ẹnìkan nínú wọn kò dárúkọ bàálù náà. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀. Ó gbé e lé orí itan. Ó ní, "Làmídì, Ogún dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló dé. Ìrù rẹ̀ nìkan ni wọ́n yìnbọn lù. Ọmọ yẹn sọ̀ kalẹ̀, ó jẹun, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sí ìlú rẹ̀ nígbà tí ogun parí."

Ó wá sọ èyí tó kù, bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀. Nọ́ńbà Mọ́kànlá ti fọ́ ṣáájú, ara rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ dá ṣáṣá. Bàbá yọ ìrù Mọ́kànlá, ó dè é mọ́ Ogún. Wọn kò gbà wọ́n láyè kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, àti pé kò sí ọ̀dà tí wọ́n máa fi kun nọ́ńbà tuntun. Ara ìrù ni nọ́ńbà sì ń wà. Láti ọjọ́ náà, Ogún ń fi nọ́ńbà Mọ́kànlá fò. Akọ̀wé, tó jẹ́ pé ìrù ni ó ń wò, rí Mọ́kànlá tó ti kọ pé ó fọ́, tó tún ń fò. Ó rò pé wọ́n ti tún un ṣe ni. Ó wá Ogún, kò rí i mọ́, ó kọ ọ́ pé kò padà. Bí bàálù kan tó ṣòfò ṣe di méjì nínú ìwé nìyẹn.

Mo ní, "Bàbá, kí ni ìwé tiyín wá sọ?"

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mi ò kọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀."

Ìwé tí kò parọ́ rí! Ó ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe mí bíi kí n gbá a mọ́ra. Làmídì kò tíì gbà. Mo rí i lójú rẹ̀. Ẹni tó ti fi àádọ́ta ọdún gbà pé òun pa ènìyàn kò lè fi ìṣẹ́jú kan gbà pé òun kò pa á. Ó ní, "Gòkè, má tù mí nínú." Bàbá ronú díẹ̀, ó wá fò dìde bí ọmọkùnrin. Ó ní, "Tóyìn, gbé tábìlì yìí sókè!"

Mo gbé e. Ọmọ dírááfù dà sílẹ̀ káàkiri. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fa páànù abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì yọ, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nù ún. Agolo mílíìkì tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Ihò ìṣó mẹ́rin wà lára rẹ̀, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ìṣó lu lẹ́tà L sí àárín rẹ̀. Bàbá ní nígbà tí ogun parí tí wọ́n ń tú bàálù náà palẹ̀, òun yọ ọ́, kí òun lè fi han Làmídì nílé pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò já títí ogun fi parí. Ó dé ilé, ó bá tábìlì tó ń mì, ó gbàgbé.

Làmídì gba agolo náà. Ó fi àtàǹpàkò tọ ihò kọ̀ọ̀kan, ó tún un tọ̀. Ó ní, "Ìṣó mẹ́rin." Ó yí i padà. Ó tún ní, "Wọ́n gbé e dé." Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Mo gbé tábìlì náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbójú sókè, ó wo tábìlì, ó wo Bàbá, ó bú sí ẹ̀rín.

"Gòkè! O fi bàálù mi tẹ́ tábìlì!"

Nígbà tí Màmá sáré jáde, ó bá bàbá méjì tí wọ́n dì mọ́ra wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń sunkún, ọmọ dírááfù sì kún gbogbo ilẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n ti mu nǹkan ni.

Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, ó tó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀ nípa Bàbá ni èyí tó ṣe lẹ́yìn náà, torí kò sí ẹni tó rán an. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́ ìlú wa, nítorí ìwé rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe fi í ṣe akọ̀wé. Ní ìpàdé wọn tó tẹ̀ lé e, tí mo sin ín lọ, ó dìde, ó ṣí ìwé àkọ́kọ́ náà sí ojú ewé tí ààyè ṣófo. Ó ní ìwé tí òun ti fi ń halẹ̀ mọ́ gbogbo wọn láti ọjọ́ yìí kò pé. Ó ní òun ṣì í. Ó sọ ohun tí òun fi pamọ́, ó sọ ẹni tó jìyà rẹ̀, ó dárúkọ Làmídì, ó sì bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ lójú wọn: "Nọ́ńbà Ogún: ó lọ. Ó dé. Èmi ni mi ò kọ ọ́." Ó bọwọ́ lù ú, Làmídì bọwọ́ lù ú. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, mo bi í bí ó ṣe rí lára rẹ̀. Ó ní, "Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n ebi ti ń pa mí báyìí."

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni òpó bàálù orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí a fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́. Mo ya àwòrán agolo náà ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ṣì kọ mẹ́jọ síbẹ̀ títí di òní, wọ́n kàn fi àlàyé kékeré sí ìsàlẹ̀ pé ẹnìkan tó wà níbẹ̀ kò gbà. Mo rò pé Bàbá yóò gbaná jẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ti mọ̀."

Agolo náà wà ní ṣọ́ọ̀bù Làmídì báyìí, ó fi irin ṣe férémù sí i, ó gbé e kọ́ ògiri. Ó gé pákó kékeré kan wá fún ẹsẹ̀ tábìlì. Wọn kò sì fi Jímọ̀ sílẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé wọn kò fi ìjà sílẹ̀. Làmídì á dé ẹnu géètì, á gbé ọ̀pá sókè, "Mẹ́jọ ni o!" Bàbá á dáhùn, "Méje ni!" Ṣùgbọ́n ohùn Làmídì ti fúyẹ́.

Bàbá sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ, kò jí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. A kọrin fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sin ín sí ẹ̀yìn ilé, a jẹun, a sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Làmídì jókòó ti tábìlì wọn látàárọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, ó dìde, ó kí Màmá tó jókòó láàárín àwọn obìnrin ẹbí, ó fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ẹnu géètì.

Ó dé ibẹ̀, ó dúró. Mo rí i tó yíjú padà. Mo rò pé kò ní sọ ọ́. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Mẹ́jọ ni o!"

Gbogbo ọgbà yíjú sí fàráńdà. Ẹni tó máa ń dáhùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀pá náà ṣì wà lókè. Nígbà náà ni Màmá, tó ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́, gbé orí sókè láàárín àwọn obìnrin, ó sì ké tó ìwọ̀n tí ẹni tó wà ní ẹnu géètì fi lè gbọ́:

"Méje ni!"